Yàrá Ọmọ Tó Wà Lọ́dẹ̀dẹ̀ Ẹ̀yìn

Ọdún mẹ́rin ni Clem ọkọ mi fi ń tún ilé yìí ṣe, tí a sì ń gbé inú rẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tí ojú mi rí. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń fọ abọ́ nínú ilé ìwẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú ṣúgà, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Irú ilé yìí ló kún Maryborough ìlú wa, ilé pákó àtijọ́ tó dúró lórí òpó gíga nítorí omi odò, kò sì sí ọkùnrin tó ra ọ̀kan tí kì í sọ ara rẹ̀ di káfíńtà. Ọkọ̀ ojú irin ni Clem fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, kò kọ́ṣẹ́ káfíńtà rárá.

Lórí òpó kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kọ́lé náà fi páànù pelebe dé e bíi fìlà, kí ikán má lè gòkè láìjẹ́ pé èèyàn rí wọn. Kí ni ọkọ mi wá ṣe? Ó ra pákó àlòkù rẹpẹtẹ, ó tò ó jọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi ti àwọn òpó náà títí tó fi ga ju páànù lọ.

Bàbá Vern, aládùúgbò wa tó ti fi ogójì ọdún pààrọ̀ òpó ilé fún gbogbo ìlú, yọjú wo abẹ́ ilé.

"Clem, o ti ṣe àtẹ̀gùn fún ikán o. Kó pákó yìí kúrò."

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

"Ọ̀sẹ̀ méjì tìẹ, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ṣebí ọ̀sẹ̀ méjì náà lo pè é nígbà tó o tú ilé ìdáná."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá Vern ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí mi. "Coral, tó o bá rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán ń gbà gòkè lára ògiri, má fọwọ́ kàn án. Èmi ni kó o pè. Tó o bá nù ún kúrò, wọ́n á kàn gba ibòmíì ni, a ò sì ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Àmọ́ wọn ò ní yéé jẹun."

Ọdún kan kọjá, pákó náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Kerryn, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, fi foonu sunkún sí mi létí láti Perth, ní òdìkejì orílẹ̀-èdè wa. Ọkọ rẹ̀ ti já a sílẹ̀ pẹ̀lú oyún. Mo ní kó máa bọ̀ wálé. Clem fi ògiri yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ká, ó ní yàrá ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ní Bàbá Vern gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ikán bá wà níbẹ̀, a máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí Kerryn dúró sí Perth di ọdún tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Vern ń bọ̀, mo ń gbálẹ̀ yàrá náà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti rí i. Ọ̀nà amọ̀ kan, kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ, ó ti ilẹ̀ gòkè dé ojú fèrèsé. Mo mọ ohun tó jẹ́, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin! N ò tíì ní yàrá kan tó parí, ọmọ mi sì ń sunkún níbi tó jìnnà réré. Mo rẹ àkísà sómi, mo nù ún. Ikán funfun tú yááyáá. Mo gbá wọn dànù, mo lọ gbé tíì kaná.

Bàbá Vern wọlé, ó kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ìdí sukudiráfà lu pákó, ó ń gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ti ṣófo. Ó pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Coral, o ò rí nǹkan kan níbí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ògiri yìí tutù."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún ni. Eruku Clem ti fẹ́ pa mí."

Ó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ó dáa. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ ni mo gbà o."

Clem kun yàrá náà ní ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè. Kò pé oṣù kan tí ọ̀dà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hun jọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án, tí ilé bá dákẹ́, mo máa ń fetí sí ògiri, màá gbọ́ wọn: kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ẹni ń da ìrẹsì sórí bébà. Ìgbà mẹ́ta ni mo lanu láti sọ fún Clem. Ó ń súfèé, inú rẹ̀ ń dùn. Mo pa ẹnu mi dé.

Ọjọ́ Sátidé ni Kerryn dé. Marnie, ọmọ tó bí sí Perth, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Clem gbà á mọ́ra kí n tó rí ojú rẹ̀.

"Ìyá mi, wá wo ààfin ẹ!" Ó gbé e dé àárín yàrá. "Kerryn, wo ilẹ̀ tí bàbá ẹ ṣe. Erin lè jó lórí ẹ̀!" Ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dà ṣùrù nísàlẹ̀.

"Clem, gbé ọmọ fún mi."

"Ṣé ò ń jowú ni?"

"Mo ní gbé ọmọ yẹn fún mi!"

Igbe mi jẹ́ kí òun gan-an ta gìrì. Ó gbé ọmọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà ti gba tiẹ̀ o! Kerryn, máa wò ó." Ó padà sáàárín, ó fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀.

Ilẹ̀ náà ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn rún bíi bisikíìtì. Clem nawọ́ sí mi, ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi, n ò lè dì í mú. Ó já bọ́ sórí pákó tó tò jọ nísàlẹ̀.

Kerryn sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ń ké "Dádì! Dádì!" Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ́tò tó ń gbé aláìsàn dé, aṣọ ni wọ́n fi bò ó lójú.

Kerryn gòkè padà, ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lápá rẹ̀. Bàbá Vern, tó ti gbọ́ ariwo wa, ń tẹ̀ lé e. Kerryn dì mọ́ èmi àti ọmọ.

"Mọ́mì, tí ẹ ò bá gba ọmọ yìí lọ́wọ́ Dádì ńkọ́? Ọlọ́run ló lò yín. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Bàbá Vern ṣí fìlà. Kò wo ihò tó wà nílẹ̀. Èmi ló ń wò, òun náà ń dúró de ohun tí màá sọ.