Ojú-Ìwé Tó Gbẹ̀yìn

"Ó rì sódò!" Torgny gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀ bí adájọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ tán. "Ìyàwó atukọ̀ yẹn mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ sínú adágún ni. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ìwé náà wà."

Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣe alága ẹgbẹ́ òǹkàwé yìí ní ilé-ìkàwé àdúgbò wọn ní Uppsala. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Bó bá ń sọ̀rọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ pàápàá a máa tẹ́tí sí i. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé kò kọjá ojú-ìwé ogójì. Àkékúrú ìtàn náà tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ní ìyàwó náà rì, ló kà nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, láàárín ibùdókọ̀ méjì.

"Ọ̀gá, èmi sunkún níbẹ̀ o," ni Birger wí. Mẹ́ta nínú àwọn yòókù mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Alfhild nìkan ni kò mirí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, gíláàsì tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá ló fi ń kàwé. "Nínú tèmi, kò rì. Ó jókòó, ó ń bó ọ̀dùnkún."

"Ọ̀dùnkún kẹ̀! Alfhild, àbí ebi ló ń pa yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kà á?" ni Torgny bi í.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alfhild pa ìwé rẹ̀ dé, ó na ọwọ́ sí ẹ̀wù òtútù rẹ̀. "Ọmọ mi ti ń sọ ọ́. Ó ní mo ti ń ṣarán. Ó dà bíi pé kí n má wá mọ́."

Torgny wo ìwé Birger lórí tábìlì: ó ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì ṣẹ́ rárá, bí ìwé tí wọn ò ṣí rí. Ó wo ti àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ojú wọn ṣe mẹ́rin. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí àgbà ló wá wọ́ yìí, alága ló sì wọ́ ọ.

"Ẹ jókòó, Alfhild." Ó wú ikọ́. "Mi ò kà á tán. Ẹ bá wa ka ojú-ìwé tó gbẹ̀yìn."

Alfhild jókòó padà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, gíláàsì ń rápálá lórí ìlà. Obìnrin inú ìwé náà bó ọ̀dùnkún, ó ṣa èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún méjì, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

Torgny ṣí ìwé tirẹ̀ sí ojú-ìwé yẹn. Obìnrin tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán wà láàyè, ó jókòó nídìí ààrò rẹ̀ lójú-ìwé tó gbẹ̀yìn láti ìgbà yìí wá, kò sì sẹ́ni tó yà kí i.