Ọkọ̀ Tí Ó Dúró De Èkejì

Nígbà náà, Ìyá Àríkẹ́ tí ó ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé wọn ṣì wà láyé. Alàgbà Olúṣọlá tí ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wà láyé, kò tíì máa gbàgbé wákàtí. Tíṣà Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ wà, Jeremiah ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà wà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń kó ẹrù láti Àkúrẹ́ bọ̀ ní Adó, epo bẹntiróòlù sì wọ́n débi pé ènìyàn á fi kẹ́ẹ̀gì sùn sídìí ilé epo. Gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ẹ lè rí kí lónìí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní Ìkẹ́rẹ́, Tíṣà Káyọ̀dé ká àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó sì ń wo ọkọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń rọra dúró.

Inú tẹlifíṣọ̀n ni ọkọ̀ náà wà. Dàpọ̀, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ra gémù náà nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún bàbá rẹ̀, tí dókítà sì ní wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àtàǹpàkò náà sùn. Páàdì méjì ló bá a wá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń yí ọkọ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ó sáré. Bí ẹni méjì bá jọ ń ṣe é, ojú tẹlifíṣọ̀n á pín sí méjì, ti ọ̀kan lókè, ti èkejì nísàlẹ̀, kálukú á sì máa rí ibi tí ẹnì kejì dé.

Ọkọ̀ pupa tó wà lókè ni ti Tíṣà. Aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀ ni ti Jeremiah, ó ti ṣíwájú, ó ti kọjá afárá, ó ku díẹ̀ kí ó dé òpin. Bí ọkọ̀ pupa ti dúró, ti Jeremiah náà sún díẹ̀, ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó dúró.

Tíṣà kò wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló ń wò.

"Jeremiah, kí ló dá ọ dúró?"

"Epo ló tán."

"Ṣé epo ti wọ́n dé inú tẹlifíṣọ̀n náà?"

"Àbí o ò gbọ́ ni? Láti Mọ́ńdè."

Jeremiah rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Mojírádé, ìyàwó Tíṣà, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ iṣu. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló mọ ìdí tí epo fi tán.

Nígbà tí gémù náà kọ́kọ́ dé, Jeremiah kì í ṣàánú. Láti Emùré ló ti máa ń gun ọ̀kadà wá ní gbogbo Sátidé. Á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á mu omi, á jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, á sì nà án títí ilẹ̀ á fi gbóná. "Ìgbín fi ọ́ sílẹ̀, Tíṣà." "Ó dà bí ẹni pé o ń bá àwọn igi wọ̀nyẹn tan, gbogbo wọn lò ń yà kí." Tíṣà á bú u, á ní kí wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Jeremiah ti lọ, Mojírádé bá omijé lójú ọkọ rẹ̀. Kò bi í léèrè. Bóyá àìsàn náà ló fà á, nítorí àwọn tí irú rẹ̀ ń ṣe, ẹkún kì í jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkùnrin bẹ́ẹ̀ dìde láti ilẹ̀ balùwẹ̀ kò lè rí omijé náà kí ó dákẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó sin Jeremiah dé títì.

"Bàbá Blessing, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ kí ó jẹ."

"Kí ó jẹ kí ni?"

"Eré yẹn. Ẹ máa fà sẹ́yìn díẹ̀ fún un. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá ni."

Jeremiah wò ó títí. "Ìyá Dàpọ̀, ẹ ò mọ ọkọ yín."

"Ẹ ṣe é nítorí tèmi."

Ó ṣe é nítorí tirẹ̀. Mojírádé bẹ Dàpọ̀ náà, ó bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń wá kí aláìsàn. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ inú igbó, wọ́n ń kọlu òpó, wọ́n ń pariwo pé Tíṣà mà ti gbóná jù. Nínú ọkàn Mojírádé, jíjẹ ni adùn eré. Ta ló ń ta ayò nítorí kí wọ́n lè jẹ ẹ́? Ó sì rí i pé ọkọ òun ń jẹun dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí kò fẹ́ rí ni pé ariwo Tíṣà ń dínkù. Bí ó bá jẹ, á kàn gbé páàdì sílẹ̀, á máa wo àtàǹpàkò rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí kò mọ ẹni tó fi í ránṣẹ́.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Tíṣà wí ní Sátidé yìí tí ọkọ̀ méjèèjì dúró.

"Ìwọ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

"Òpin nìyí níwájú rẹ. Tẹ̀ ẹ́ kí n rí i."

Jeremiah kò tẹ̀ ẹ́. Orin gémù náà ń dún lọ, orin kan ṣoṣo tí ń yí po, tí kò mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ti dúró.

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà wo ni kí ni?"

"Jeremiah."

Ọkùnrin náà gbé páàdì sórí àga. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Tíṣà mi orí. Ìdajì ẹnu rẹ̀ tí àìsàn fà sílẹ̀ ń gbọ̀n. "Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni, tí a sáré ìje, mo ṣubú lẹ́yìn rẹ. O gbọ́ nígbà tí mo ṣubú. O kò bojú wẹ̀yìn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo wá bá ọ ní yàrá rẹ pé kí a máa ṣọ̀rẹ́. Ṣé o rántí?"

"Mo rántí."

"Ta ló wá sọ fún ọ pé mo ti kú?"

Jeremiah gbé ojú sókè. Ẹnu ọ̀nà ló wò. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bá ti Mojírádé pàdé. Mojírádé sọ ojú sílẹ̀. Ó ń bẹ iṣu lọ. Èèpo ti tán, ara iṣu gan-an ló ń gé dànù.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ni Jeremiah wí. "Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀."

"Máa lọ ulé rẹ. Má padà wá síbí mọ́."

Mojírádé sáré bá Jeremiah dé títì. Ó ti ń nawọ́ sí ọlọ́kadà.

"Màá sọ fún un, Bàbá Blessing. Màá sọ fún un nísinsìnyí pé èmi ni."

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Èmi tí ó bínú sí, Emùré ni mò ń gbé. Bí ó bá bínú sí ẹ̀yin, ta ni yóò máa wẹ̀ fún un?" Ó gun ọ̀kadà, ó ṣe aṣọ rẹ̀ jọ. "Inú rẹ̀ á rọ̀. Ẹ jẹ́ kó fi èmi bínú ná."

Bí ọ̀kadà náà ti ṣí, ara Mojírádé fúyẹ́. Ìfúyẹ́ yẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó dúró sí ẹ̀bá títì, ó ń wá ìbànújẹ́ nínú ara rẹ̀, ohun tó sì ń rí ni ti ẹni tí wọ́n fẹ́ nà tí ẹlòmíràn bá a gba ẹgba.

Tíṣà kò jẹ iyán. Ó yí ojú sí ògiri títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí Dàpọ̀ dé, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn tu bàbá rẹ̀ lójú.

"Bàbá, mo rí gémù mìíràn l'Ádó. Àwòrán rẹ̀ dà bíi fíìmù. Òkun wà níbẹ̀, ẹ̀ ẹ́ rí omi bí ó ti ń tàn."

"Ṣé ó máa ń na ènìyàn?"

"Ó ní ibi tí a lè fi í sí kí ó rọrùn."

"Gbé èyí tó rọrùn lọ sí ulé rẹ."

Dàpọ̀ rẹ́rìn-ín tipátipá. "Kí wá lẹ fẹ́ nínú gémù, Bàbá? Àwòrán tó rẹwà ni gbogbo ayé ń wá."

Tíṣà na àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ sí i.

"Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo ká ọwọ́, ó dúró. Láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣe mí, ta ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi? Bí mo bá ní kí wọ́n fún mi lómi, wọ́n á kọ́kọ́ wo ara wọn lójú. Bí mo bá sì ṣubú, kí n mọ ibi tí mo ti ṣubú. Kí n lè sọ lọ́la pé, níbi kọ́ńà yẹn, mo yára jù. Igi rẹ̀ ìbáà pupa, ìbáà dúdú, kò kàn mí." Ó mí. "Ọmọ tí a gbé pọ̀n ni kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹ ti gbé mi pọ̀n, mo sì ń bá ara mi sọ pé mò ń sáré."

Dàpọ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà rántí pé òun ní ìwé ìdánwò tí òun fẹ́ máàkì, ó dìde.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mojírádé nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó wọ yàrá. Ó ti pinnu. Ọ̀nà láti Ìkẹ́rẹ́ sí Emùré kò jìnnà. Bí òun bá sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Dàpọ̀ lè lọ pe Jeremiah lẹ́yìn ìsìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sí àga tí Jeremiah fi sílẹ̀, ó sì gbé páàdì tí kò fọwọ́ kàn rí.

"Ẹ kọ́ mi, Bàbá Dàpọ̀."

Ọkọ rẹ̀ wò ó tìfura-tìfura. Ó gbé tirẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ Mojírádé kọlu ògiri, ó padà sẹ́yìn, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ó sì ń sáré lọ síbẹ̀ tagbáratagbára.

"Ìwọ náà?" ni Tíṣà wí.

"Ọlọ́run gbọ́, n ò mọ̀ ọ́n ni. Èwo ni wọ́n fi ń yà?"

Ọkọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di páàdì mú bí ẹni di adìyẹ mú, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde dáadáa lẹ́nu tó wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

"Mo mọ̀. Ojú rẹ ò lè purọ́." Ó rọra fi ọwọ́ òsì kan orúnkún rẹ̀. "Ìwọ nìkan ló kù nínú ulé yìí tí kò ṣe mí bí ọmọdé."

Mojírádé kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wá. Ẹyin lohùn, kò tíì balẹ̀, ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wúwo.

"Bàbá Dàpọ̀."

"Hùn?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbé oúnjẹ yín wá."

Tíṣà jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì ní kí wọ́n bù díẹ̀ sí i.

Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ nìkan ni Tíṣà ń bá díje. Ọkọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wà, tó ń dá sáré, ó sì ń nà án lójoojúmọ́. "Ó tún nà mí," ni á máa ké láti inú yàrá, bí ẹni ń kéde pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ. "Kò mọ̀ pé ara mi ò yá." Mojírádé á dáhùn láti ìdí ààrò pé ẹ pẹ̀lẹ́. Nígbà mìíràn á wọ aṣọ òde pé òun ń lọ sí Emùré. Ó dé ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ra búrẹ́dì, ó padà sílé. Á ní kí ara ọkọ òun le díẹ̀ sí i ná. Bí ara náà bá wá le, á ní kí òun má tún bà á jẹ́.

Kí iṣu tuntun tó jáde, ní àárọ̀ Tọ́sìdeè kan, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé, ó sì bá Tíṣà Káyọ̀dé tó ti lọ.

Jeremiah dé ní ọ̀sán, ẹrẹ̀ ọ̀nà Emùré wà ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Ilé ti kún. Àwọn ènìyàn ní kí ó wọlé, kò wọlé. Ó dúró sí ìta, ó ní kí wọ́n bá òun pe ìyàwó ilé.

"Ìyá Dàpọ̀," ni ó wí nígbà tí Mojírádé jáde, "ṣé ó ní kí n máa bọ̀? Ṣé ó sọ ọ́ rí?"

Ìdáhùn dídùn ti wà lẹ́nu Mojírádé. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni, baba àgbàlagbà yìí á sì fi sunkún tó tu ni lára. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́. Ó rí ojú Jeremiah, ojú ẹni tó dúró gbọn-in láti gba ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un.

"Rárá," ni ó wí. "Kò sọ ọ́ rí. Èmi náà ò sì sọ fún un pé èmi ni."

Jeremiah mi orí. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wọlé lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mojírádé dúró sí ìta. Ó yà á lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ti kúrú tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí wà nínú yàrá, wọ́n ti fi aṣọ funfun dè é lágbọ̀n.