Ẹni Tí Tírélà Gbá, Tó Tún Ń Bẹ Tírélà

Ẹ sọ fún mi, níbo lẹ ti gbọ́ ọ rí, kí tírélà gbá èèyàn, kí ẹni tí wọ́n gbá tún máa bẹ ẹni tó gbá a? Ohun tí Velma Sonnier ṣe nìyẹn lójú títì Saint Odon, ìlú wa, lásìkò ìkórè ìrèké, nígbà tí ẹrẹ̀ oko ti bo ọ̀dà, tí àwọn tírélà sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi Velma fúnra ẹ̀, kò ní lè sọ fún yín pé òun bẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tó rántí ò ju pé ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gọ́mbò sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wá orin lórí rédíò. Ohun tó tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni àjà ọsibítù tó funfun báláú. Láàárín méjèèjì, òfìfo ni. Ó wá inú orí ẹ̀ títí, kò rí nǹkan kan mú jáde.

Èjìká ọ̀tún ẹ̀ ló fara gbá jù. Dókítà ní iṣan inú ẹ̀ ti já, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì tètè ṣe é, torí tó bá pẹ́, iṣan náà á súnkì, kò ní ṣeé so mọ́ra mọ́, apá á sì kàn máa rọ̀ dirodiro lára ẹ̀ títí ayé. Velma rèé, oúnjẹ ló ń sè nílé ìwé àwọn ọmọdé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Kí ló fẹ́ fi apá tí kò lè ro ọbẹ̀ ṣe? Ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń gbèjà àwọn tó ni tírélà ló yẹ kó sanwó abẹ, bó bá jẹ́ pé tírélà ló jẹ̀bi. Tó bá jẹ́ pé Velma ló jẹ̀bi ńkọ́? Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti dojú rú nìyẹn, torí Velma ò mọ̀.

Àwọn èèyàn kúkú ń sọ fún un. Gbogbo ẹni tó gbé abọ́ oúnjẹ wá kí i ló gbé ìtàn tiẹ̀ dání. Ẹnì kan ní tírélà kàn já wọ títì láti ọ̀nà oko, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ẹlòmíì ní òun gbọ́ pé Velma ló ń sáré àsápajúdé. Velma tí àwọn ọmọ orí kẹ̀kẹ́ máa ń yà sílẹ̀! Wọn ò sí níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì rí i. Velma á gbọ́ ti èyí, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Á gbọ́ ti tọ̀hún, á ní ó ṣeé ṣe. Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, orí ẹ̀ á tún dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ti àwọn lọ́yà wá tún lé e. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀ yẹn kọjá rí mọ pátákó ìpolówó wọn. Ọ̀kan gbé òòlù dání, ọ̀kan wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́, ọ̀kan gun orí tírélà, ó na ìka sí ọ lójú bíi pé ìwọ lo jalè. Ojú wọn tóbi tó ilé. Kí Velma tó délé láti ọsibítù, wọ́n ti ń pè é lórí fóònù, wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ bí ọmọ ìyá ẹ̀. Ó fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn, ó gbìyànjú gan-an ni. Àmọ́ ṣé ti òòlù ló ní òun á bá a ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ àbí ti ìbọ̀wọ́? Eyín kan náà ni gbogbo wọn ń fi rẹ́rìn-ín.

Kendall nìkan ni kò dà á láàmú. Kendall ò ní pátákó. Ohùn ẹ̀ tutù, àràárọ̀ ló sì ń pè.

"Mísì Velma, ṣé ẹ jí dáadáa? Kendall ni o. Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yín. Ara ńkọ́?"

"Ara le, ọmọ mi. A dúpẹ́. Ìwọ náà ńkọ́?"

Ara le! Obìnrin tí kò lè ya irun ara ẹ̀! Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe bí wọn sí nìyẹn ní Saint Odon. Kí ilé máa jó lórí wọn, tó o bá béèrè pé báwo ni, wọ́n á ní dáadáa ni, ìyá ẹ ńkọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ozite, ẹ̀gbọ́n Velma, wà ní ìdáná nígbà tí ìpè wọlé. Ozite ò ní sùúrù, kò sì bẹ Ọlọ́run fún un rí.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ bí olólùfẹ́ yẹn?"

"Lọ́yà mi ni."

"Lọ́yà ẹ? Níbo lo ti rí i?"

"Òun ló pè mí."

Ozite já fóònù gbà. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, má parọ́ fún mi o. Ta ló ń sanwó oṣù ẹ?"

Kendall ò parọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń gbèjà tírélà ni òun ń bá ṣiṣẹ́, pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni òun ti sọ bẹ́ẹ̀, pé òun sì máa ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó sọ ọ́ lóòótọ́. Kí ni Velma fẹ́ rántí?

Ozite fìdí jókòó. "Velma! Eku ló lọ fẹjọ́ ológbò sun ológbò yìí!"

"Ó níwà o," ni Velma sọ, ojú sì ń tì í. "Mo tiẹ̀ ti fi kéèkì ránṣẹ́ sí i."

"Apá wo lo fi po kéèkì?"

"Apá kan."

Ozite bú sẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún, lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló fa àbúrò ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Delphine Hulin. Delphine ò ní pátákó kankan, yàrá méjì ló ní lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó. Velma mọ̀ ọ́n dáadáa. Nílé ìwé, òun lọmọ tó máa ń ṣa kárọ́ọ̀tì kúrò nínú ìrẹsì. Ó ti wá di lọ́yà tó ń wọ bàtà gogoro.

"Mísì Velma, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn, Delphine. Bóyá èmi ni mo jẹ̀bi. Mo fẹ́ kí wọ́n tún apá mi ṣe, tọkàntọkàn ni mo fẹ́ ẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Delphine ní ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ gbé kámẹ́rà sáyà, pé òun ti gba ohun tó wà níbẹ̀. Ó yí ẹ̀rọ náà sí wọn. Velma rí ọkọ̀ ara ẹ̀ tó rún jégéjégé, gọ́mbò lára gbogbo gíláàsì, ìrèké káàkiri títì. Ó rí ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tó ń sunkún. Dwayne Trosclair ni, awakọ̀ tírélà. Ó wá gbọ́ ohùn ara ẹ̀.

"Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò rí ẹ. Èmi? Ara mi le, má dá ara ẹ láàmú."

Ara Velma tutù wá. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Èmi ni!"

"Ẹ dúró ná," ni Delphine wí.

Velma inú kámẹ́rà ò tíì dákẹ́ o. Ó bẹ ọlọ́pàá pé ẹ̀bi òun ni pé ọbẹ̀ ta sí bàtà ẹ̀. Ó bẹ àwọn tó gbé e sínú ọkọ̀ aláìsàn pé kí wọ́n má bínú, ẹ̀bi òun ni, oúnjẹ òun ti pọ̀ jù, òun ti wúwo jù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó tún ní kí wọ́n má bínú.

Delphine nu ojú ẹ̀. "Mísì Velma, ṣé ẹ̀yin náà lẹ rọ òjò?"

Kò yà wá lẹ́nu. Ní Saint Odon, tí mo bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ìwọ tí mo tẹ̀ lo máa tọrọ àforíjì pé o gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Bí àwọn ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn, ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á béèrè ilé tó ti jáde. Àmọ́ ìlú ńlá Houston ni àwọn Kendall ti ń wá, níbẹ̀, ẹni tó bá ní òun jẹ̀bi ti jẹ̀bi nìyẹn. Delphine sọ ọ́ gbangba fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹnu Velma ni wọ́n máa fi dè é lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀ ná.

Velma sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń bi ara ẹ̀ léèrè. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà ni òun ń gba ẹ̀bi tí kì í ṣe ti òun, báwo lòun ṣe máa mọ ọjọ́ tó bá jẹ́ ti òun lóòótọ́?

Kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù, ìhà méjèèjì fìpàdé sí ọ́fíìsì Delphine. Kendall wọlé, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, pẹ̀lú lọ́yà wọn, bàbá àgbà kan tó kàn ń mi orí. Dwayne Trosclair tẹ̀ lé wọn, ó jókòó sí òdìkejì Velma, kò gbójú sókè. Ó ti sọ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀ pé òun dúró dáadáa lẹ́nu ọ̀nà oko, pé obìnrin náà ló fi eré wá kọ lu òun.

Bí Kendall ṣe ní "Ẹ káàárọ̀," Velma dá ohùn ẹ̀ mọ̀.

"Kendall! Ṣé kéèkì yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹ?"

Ojú ti Kendall. "Ó dé, mà. Ó dùn gan-an."

"Ó máa dùn ná," ni Ozite kùn sínú. "Ọ̀fẹ́ ni."

Kendall tan ohun tó wà nínú kámẹ́rà. Ẹ̀bi mi ni. Ara mi le. Ó tún un tàn. Lẹ́yìn náà ló wá fi ti orí fóònù kún un: ara le, ara le, ara le, àràárọ̀. Ó ní òun ò sọ pé ìyá náà ń parọ́ o, àmọ́ ẹni tó ti ń gbé ìkòkò ńlá láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé kò lè jẹ́ pé ìkòkò ló jẹ èjìká náà?

Velma gbọ́ ọ, ó sì dà bíi pé òótọ́ ni. Gbogbo ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ ló máa ń dà bíi pé òótọ́ ló sọ. Ó ti fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí Ozite tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Má bínú," ni Velma wí fún un.

Delphine bu kọfí fún wọn, torí kò sí ìpàdé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láìsí kọfí. Ó gbé ife mẹ́ta síwájú Velma kó bá òun pín in. Velma rí i pé ọwọ́ Dwayne ṣófo. Alásè kì í wo ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ṣófo níran. Kò ronú rárá, ó fi ọ̀tún gbé ife kan, ó nà án sí i.

Ọwọ́ náà dé àárín tábìlì, ó sì kọ̀. Ìka là sílẹ̀. Kọfí gbígbóná dà sí itan Dwayne.

Dwayne fò sókè. "Yéè! Ẹ má bínú, Mísì Velma! Ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni!"

Delphine rọra gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀.

"Dwayne, ta ló da kọfí?"

"Mísì Velma ni, mà."

"Ta ló jó?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀bi wo lo wá ń gbà?"

Dwayne wo aṣọ ẹ̀ tó rin, ó wo àwọn ará Houston. "Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mà. Èèyàn kàn ń sọ ọ́ ni."

Bàbá lọ́yà dẹ́kun orí mímì. Delphine ò bá Dwayne jà, kò wò ó mọ́. Velma ló yíjú sí. "Mísì Velma, báwo lara yín?"

Ara le ti dé ètè Velma. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ lórí tábìlì, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ nínú kọfí, gbogbo wọn sì ń wò ó. Òun náà wò ó. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń fi gbígbọ̀n yìí pamọ́ fún Ozite pàápàá.

"Rárá," ló wí. Ohùn ẹ̀ jáde tínrín. "Ara mi ò le. Ó ń dùn mí. Mi ò lè sùn, mi ò lè gbé ife lásán. Ẹ̀rù ń bà mí, Delphine."

Dwayne ò tíì jókòó. Omi ti ń dà lójú ẹ̀ bó ṣe dà lọ́jọ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ẹ̀bi mi ni," ló tún wí.

"Ti kọfí ti tán, Dwayne," ni Delphine wí.

"Kì í ṣe ti kọfí, mà." Kendall di apá ẹ̀ mú pé kó dákẹ́, ó já a gbà. "Mi ò dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè, mo ní mo lè já sí títì kí ọkọ̀ Mísì Velma tó dé. Mísì Velma ò sáré. Jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló ń bọ̀."

Velma ti ń dìde. Ọmọ ọlọ́mọ ń sunkún lójú ẹ̀, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ozite gba etí aṣọ ẹ̀ mú gírígírí.

"Velma, jókòó. Jẹ́ kó gbé tiẹ̀."

Velma jókòó. Má sunkún mọ́, kò séwu, èmi ni: gbogbo ẹ̀ ti tò sórí ahọ́n ẹ̀. Ó gbé e mì. Ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà sílẹ̀ lórí tábìlì, níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.