Sìgá Kì Í Gun Àkàbà

Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó lè rántí ẹ̀, òun náà á sì kọ́kọ́ ronú díẹ̀ ná. Iṣẹ́ sáínbọ́ọ̀dù kíkọ ni baba yìí ń ṣe. Á gun àkàbà, á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, á fa ìlà láìlo rúlà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á sáré lọ mú rúlà wá, á wọ̀n ọ́n, á sì padà wá tọrọ àforíjì. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló ti ń bá a bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàtà o, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ o, ọ́fíìsì oníṣègùn eyín o, ọwọ́ ẹ̀ ló kọ gbogbo wọn.

Ó máa ń mu sìgá. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ márùn-ún péré ni lójúmọ́, kì í sì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ ló jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà àti tápẹ́ńtáìnì tí wọ́n fi ń pò ó kì í bá iná ṣeré, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sì ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé sìgá kì í gun àkàbà. Bí ó bá ń wù ú mu, ó di dandan kó parí ìlà tó ń fà, kó dé ọ̀dà, kó sọ̀ kalẹ̀, kó fọ ọwọ́ méjèèjì, kó sọdá títì kó tó ṣáná sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, baba á wo ìrìn àjò yẹn láti orí àkàbà, á ní, "Ẹ jẹ́ ó máa lọ jàre," á sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyàwó ẹ̀ fárí gá. Ó ní ìrọ̀rí ń rùn, kọ́tìnì ń rùn, òun ò sì bá eérú fẹ́ra. Baba lọ ra sìgá oníbátìrì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní féépù. Kékeré báyìí ni, kò ju bírò ńlá lọ. Wọ́n ń rọ omi sínú ẹ̀, òórùn máńgò ló sì ń tú jáde. Inú ìyàwó dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Kò sí ẹni tó bá pàdé tí kì í sọ fún pé, "Ọkọ mi ti fi sìgá sílẹ̀ o!" Nígbà tó yá, ọkọ náà gba ara ẹ̀ gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Nǹkan yìí kò ní iná, kò ní eérú, kí ló dé tí yóò fi wà nílẹ̀ bí baba bá gun àkàbà? Ó so okùn mọ́ ọn, ó fi kọ́rùn. Ẹ gbọ́ mi o, ó fi kọ́rùn! Bó bá kọ lẹ́tà kan, á fà á. Bó bá fẹ́ wò ó bóyá lẹ́tà yẹn gún, á fà á. Bí kò bá tiẹ̀ ro nǹkan kan, á kúkú fà á. Sìgá gidi lópin. Bó bá jó dé ìka rẹ, wàá mọ̀ pé ó ti tán. Èyí kì í tán, bí omi inú ẹ̀ bá gbẹ, wọ́n á rọ òmíràn sí i.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìka tó kéré jù ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù sì bá a dá sí i. Baba ní ó dájú, ara òun ló ń wá sìgá tí òun fi sílẹ̀. Kí lèèyàn sì ń ṣe fún ara tó ń wá nǹkan? Ṣebí wọ́n á fún un ni. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, á fa féépù lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá dúró, á fà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Síbẹ̀, ọwọ́ kò dúró, ẹ̀rù ọjọ́ ogbó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni létí. Ó ra rúlà ní bòókẹ́lẹ́, Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ra rúlà! Lẹ́tà tó bá rí rogodo ló wá ń sá fún jù, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé lẹ́tà onígun mẹ́rin ló wà lóde báyìí. Wọ́n gbà á gbọ́, torí pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un.

Àkọ́bí ẹ̀ obìnrin ni kò ṣeé tàn. Apoògùn ni ọmọ náà. Ó ti kàwé, ó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́jọ, ó wá gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, onígíláàsì lójú títì. Ọjọ́ Sátidé ló fẹ́ ṣí i. Ọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe sítíkà ní òdìkejì títì ti wá bá a pé òun á ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè di aládùúgbò rere.

"Ẹ ṣé o," ọmọ náà ní. "Ọwọ́ bàbá mi ló máa kọ ọ́."

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje, tó ń bá baba ẹ̀ gbé agolo ọ̀dà, ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo wàhálà tí baba yìí wà. Bó bá kọ ọ́ tó wọ́, ojú gíláàsì ọmọ ẹ̀ ló máa wà, gbogbo ayé á sì rí i. Bó bá ní òun ò kọ, wọ́n á bi í léèrè ìdí.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó gbé àkàbà dé. Inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń kọ irú ẹ̀, kí òjò má bàa fọ̀ ọ́ kúrò. Akọ̀wé á dúró sínú ilé, á máa kọ ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, lẹ́tà á yíjú sí òde. ILÉ OÒGÙN ÌTURA ni ọmọ náà ní kó kọ. Baba mú I, ó mú L, ó mú E pẹ̀lú àmì orí ẹ̀. Ìlà gbọọrọ ni gbogbo wọn, ó séèémí, ó sì rí wọn fà. Ó wá kan O.

O kò gbà fún un. Èyí àkọ́kọ́ rí bí ọ̀dùnkún. Ó fi àkísà nù ún, ó fa féépù. Ìkejì rí bí ẹyin tí èèyàn jókòó lé. Ó nù ún, ó tún fa féépù. Orí àti ìdí ìkẹta ò tiẹ̀ pàdé ara wọn.

Apoògùn wà nídìí káńtà, ó ń to oògùn. Ó ń gbọ́ ṣùù, ṣùù. Ó kọ́kọ́ rò pé fáànù ló ń ké. Ó gbójú sókè, ó sì rí i. Ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ apoògùn kì í lè jókòó láìka nǹkan: ó da àwọn oògùn oníhóró kan tí ọjọ́ ti kọjá lórí wọn sínú àwo pẹlẹbẹ, gbogbo ìgbà tó bá sì ti gbọ́ ṣùù, á ti hóró kan sápá kejì. Wákàtí kan kọjá.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ẹ wá ka nǹkan yìí fún mi."

Inú baba dùn láti sọ̀ kalẹ̀. Ó kà á. "Méjìlélọ́gọ́ta. Oògùn kí ni?"

"Kì í ṣe oògùn. Ẹ̀yin ni. Iye ìgbà tẹ́ ẹ fa nǹkan ọrùn yín nìyẹn, látìgbà tẹ́ ẹ ti bá O yẹn wọ̀yá ìjà."

Baba bú sẹ́rìn-ín. "O wá ń ṣọ́ mi! Ọmọ yìí, èyí kì í ṣe sìgá o. Òórùn máńgò lásán ni."

"Mo gbọ́. Nígbà tẹ́ ẹ ń mu sìgá gidi, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń fa ọ̀pá kan kó tó tán?"

"Bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bóyá méjìlá."

"Ọ̀pá mélòó lójúmọ́?"

"Márùn-ún," ni baba wí, ó sì yan díẹ̀.

"Ọgọ́ta nìyẹn, láàárọ̀ títí dalẹ́. Ẹ ti fà tó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan."

Baba tún wo àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àmọ́ àgbàlagbà kì í kú sójú kan, baba rí ibì kan gbá mú. "Fífà tibí ò lè rí bákan náà pẹ̀lú fífà tọ̀hún."

"Òótọ́ lẹ sọ, bàbá mi. Kò rí bákan náà. Ó wà lọ́wọ́ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe lágbára tó, àti bí èèyàn ṣe ń fà á, àti bí nikotíìnì inú omi ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nikotíìnì yẹn ló wà nínú sìgá tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jáwọ́, òun náà ló wà níbí. Ẹ mú ìgò omi ẹ̀ wá."

Baba yọ ìgò kékeré lápò. Ọmọ fi awò ojú ẹ̀ sójú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà. "Igba mílígíráàmù nikotíìnì ló wà nínú odindi ìgò yìí. Ọjọ́ mélòó ló ń lò lọ́dọ̀ yín?"

"Mẹ́ta. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ó máa ń tán lọ́jọ́ kejì."

"Ká fi í sí mẹ́ta, kí n má baà rẹ́ yín jẹ." Ó mú bébà. "Ó lé ní ọgọ́ta lójúmọ́. Ara kì í gbà á tán, ẹ jẹ́ ká dá a sí méjì, ó ku mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ohun tí ara ń rí gbà nínú ọ̀pá sìgá kan kì í sábà ju ẹyọ kan sí méjì lọ. Ká pè é ní ọ̀kan ààbọ̀." Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó gbé e síwájú baba. "Ó lé ní ogún ọ̀pá."

"Ogún!" Baba káwọ́ lérí. "Páálí kan odindi? Èmi tí ìyá ẹ ń fi yangàn káàkiri?"

"Ìṣirò mi lè má gún régé. Àmọ́ ká ní mo fi ìdajì ṣì í, ó ṣì jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tẹ́ ẹ ń mu tẹ́lẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ padà sí sìgá o. Èéfín yẹn burú jáì fún ẹ̀dọ̀fóró, mo dúpẹ́ pé ẹ fi í sílẹ̀. Nikotíìnì lẹ ò fi sílẹ̀, ẹ kàn gbé e gun àkàbà ni. Tó bá sì pọ̀ lára, àyà á máa lù kì kì kì, ọwọ́ náà..." Ó wo ojú baba ẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ọwọ́ yín ń gbọ̀n?"

Baba lè parọ́. Ó ti ń pa á fún gbogbo ayé, irọ́ náà sì ti dán lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sórí káńtà láàárín àwọn oògùn, ọwọ́ náà ń gbọ̀n, hóró méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń mì.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta," ni baba wí. "Mo rò pé iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mi ò lè purọ́ fún ẹ. Pe ọkùnrin onísítíkà yẹn. Má ṣe tìtorí mi ba ojú ṣọ́ọ̀bù ẹ jẹ́."

"Mi ò pè é."

"Sátidé mà ni!"

"Mo mọ̀. Ẹ ti kọ ILÉ. Ilé náà sì ni, ta ló máa sọ pé irọ́ la pa?"

Baba fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu.

Bí apoògùn ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, pẹ̀lú ILÉ nìkan lójú gíláàsì. Àwọn èèyàn ń dúró lójú títì, wọ́n ń béèrè pé ilé kí ni. Bàbá arúgbó kan wọlé wá béèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá kan lóṣù. Oògùn ikọ́ ló rà lọ. Ọkùnrin onísítíkà tún wá lẹ́ẹ̀mejì, ó tún padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ní tirẹ̀, nígbà tó gbọ́ pé ogún ni, ó jókòó. "Ta ni màá kọ́kọ́ lọ bá, tí màá sọ fún pé irọ́ ni mo pa?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀, ó sì gba okùn ọrùn ọkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ kò ní kó jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Ó wá omi tí agbára ẹ̀ kéré fún un, ó sì dá òfin ọ̀gá tó kọ́ baba níṣẹ́ padà: nǹkan yìí ò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́. Kó sọ̀ kalẹ̀, kó fọwọ́, kó sọdá títì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Baba bá àkàbà jà, ó bá òjò jà, ó ní wọn ò po ọ̀dà ayé òde òní dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó bá ìyàwó ẹ̀ jà, ó sì yára bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n tún dín agbára omi náà kù. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ń mu tíì láàárọ̀, ìyàwó gbé orí sókè lójijì.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ gbọ́ bí ilé ṣe dákẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kọ́ọ̀bù yín ò ké lórí àwo mọ́."

Baba wo ọwọ́ ẹ̀ títí. Kò parí tíì yẹn. Ó gbé àkàbà, ó gbé ọ̀dà, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni tán kó tó gun òkè. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó séèémí, ó gbé e kan gíláàsì, ó sì yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èèyàn kì í rí iṣẹ́ ara ẹ̀ dáadáa láti ẹ̀yìn gíláàsì. Apoògùn ti sáré jáde sójú títì, ojú ẹ̀ ni baba sì ń wò. Ọmọ náà gbé ìka lé gíláàsì láti òde, ó ń tọ O náà lẹ́sẹ̀ ẹsẹ̀, ó ń wá ibi tó ti wọ́. Ìka ẹ̀ yí i ká, ó padà débi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ṣí ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀, gíláàsì kò jẹ́ kí baba gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀rín ló ń rín, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n mi orí sí i, ó sì tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà. Ó ṣì ku O kan.