Tẹ̀ Ẹ́, Mí, Kí O Tó Sọ̀rọ̀

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n bí oògùn bá pọ̀ jù, májèlé ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ìyàwó tó jókòó ti rédíò nínú yàrá onípáànù tí àwọn adóòlà-ẹ̀mí fi ṣe ibùdó ti mu tirẹ̀ ní àmupara.

Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló lọ tún wáyà iná ṣe lẹ́yìn òkè, ni ilẹ̀ bá ya, ó gbé òpó, ó gbé igi, kò sì sẹ́ni tó gbúròó wọn mọ́. Ọ̀gá ibùdó ní kí ìyàwó lọ sinmi nílé, kí ẹlòmíràn bá a di rédíò mú.

"Sinmi kẹ̀? Ọ̀gá, bí mo bá délé, ògiri ni n ó máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa bá rédíò sọ ọ́. Òun ń dáhùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkè dí ohùn lọ́nà. Ohùn àwọn tó ń wá wọn ní àfonífojì kò lè dé ibùdó. Ẹnì kan ní láti wà lórí òkè, kí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kí ó sì tún un sọ fún ibùdó. Ta ló wá yára ju gbogbo ènìyàn lọ, tó ní òun ni yóò gun òkè? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni.

Ohun tó ń jẹ ìyàwó lọ́kàn nìyẹn. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kò kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ti dá ìjà sílẹ̀. Ìṣojú ìyàwó ni ẹ̀gbọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, tó na ìka: "Ọjọ́ tí ẹ bá tún rí mi lẹ́nu ọ̀nà yìí, kí ẹ mọ̀ pé mo ṣìnà ni." Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló ń wá lórí òkè? Ilé tí wọ́n ń jà sí, bí àbúrò bá lọ, ọwọ́ ta ni yóò bọ́ sí?

"Òkè, Òkè, Ìsàlẹ̀ ń pè yín. Kí ni wọ́n wí ní àfonífojì? Ó dọwọ́ yín."

Rédíò ń hó ṣììì. Ó pẹ́. Ó tún pẹ́ sí i.

"Ìsàlẹ̀, mo gbọ́. Wọ́n ṣì ń wá wọn. Ó dọwọ́ rẹ."

Bó ṣe ń ṣe é láti àárọ̀ nìyẹn. Bí a bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó ń ṣa irọ́ lórí àtẹ.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń pẹ́? Ẹni tó fẹ́ sòótọ́, ṣé ó ń pẹ́ tó báyìí?"

Ojú ọ̀run tó ń ṣú ni Ọ̀gá ń wò. "Ìyàwó, ẹni tó fẹ́ parọ́ ni í tètè dáhùn. Mo ti pẹ́ nínú ìgbéyàwó, mo mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Abẹ́ ahọ́n ló ti ń ki ọkọ rẹ̀: "A-gun-òpó-bí-ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni iná ń wá tí kò rí jó, Elédùmarè má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tí ò ń tẹ̀ tẹ̀ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló kọ́ ìyàwó níṣẹ́ rédíò kí ìjà tó dé. "Tẹ̀ ẹ́, mí, kí o tó sọ̀rọ̀," ló máa ń wí. "Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, tí o sì kánjú, rédíò á gé ọ̀rọ̀ rẹ lórí." Òun náà ló sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ lórí rédíò pé ẹnì kan "kù". "Ṣẹ́kù" ni kí a wí. Nítorí "kù" àti "kú", bí rédíò bá ti ń hó, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Àrá sán. Ohùn ẹ̀gbọ́n já wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìsàlẹ̀! Wọ́n ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀mí wà lára wọn!" Ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Rédíò ta páú. "…ku ẹnì kan!"

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣììì.

"Òkè! Ẹ tún un sọ! Òkè!"

Ọ̀gá ti gbé ọwọ́ lé sáírìn. Bí sáírìn bá dún, gbogbo ẹni tó wà ní àfonífojì yóò padà. Àdéhùn wọn nìyẹn.

"Ìyàwó, Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Odò àfonífojì ti ń kún. Bó bá ti kú, n kò lè fi alààyè wá òkú."

"Ẹ dúró, Ọ̀gá! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ rèé! Kí a pe àwọn ènìyàn padà, kí àbúrò rẹ̀ ṣègbé síbẹ̀! Ìyàwó ti la ẹnu láti sọ ọ́ jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ fà á láṣọ. Ku ẹnì kan. Ta ní í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí ẹnì kan bá kú, "ẹnì kan kú" là ń wí, tàbí "ẹnì kan ló kú". Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa, ikú kì í ṣáájú ẹni tó pa. Àfi bí ọ̀rọ̀ náà bá ní orí, tí rédíò sì ti gé e.

Ó ṣẹ́ku ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ gbogbo ibùdó ní mímí, òun ni kò mí! Ẹni tó ń dọ́gbọ́n burúkú a máa fara balẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ni í gbàgbé èémí.

"Ọ̀gá, kò kú. Rédíò ló gé e. Ó ṣẹ́kù ni, wọ́n ṣì ń wá a!"

"Ó dá ọ lójú?"

Kò dá a lójú. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ Ọ̀gá lórí sáírìn. "Ó dá mi lójú."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Ọ̀gá kò tẹ sáírìn, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Nígbà tó ṣe, rédíò ta páú.

"…sàlẹ̀! …ti rí…"

Ìyàwó tẹ̀ ẹ́, ó mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ mí, kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ó dọwọ́ yín."

Wọ́n gbọ́ èémí rẹ̀, ó gùn, ó ń gbọ̀n.

"Kò ṣẹ́ku ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ti rí i lábẹ́ òpó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. Ó ní ta ló ní kí n gbé orúnkún burúkú mi gun òkè. Ó dọwọ́ rẹ, ìyàwó."

Ìyàwó fi orí lé tábìlì, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún.

Nígbà tí ọkọ ti délé tòun ti sìmẹ́ǹtì ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó ṣí i. Ẹ̀gbọ́n ló fara ti ọ̀pá, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú.

"Apá kan òkè ni mo ti ń gbọ́ àwọn tó wà ní àfonífojì," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń jẹ́jọ́, "apá kejì ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ń sáré lọ, mo ń sáré bọ̀. Mo mọ̀ pé ò ń ṣọ́ mi, ìyàwó, bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku. Ó wà nínú ohùn rẹ."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bínú kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ, èmi gan-an ì bá ṣọ́ ara mi."

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni ọkọ kígbe láti inú yàrá.

Ẹ̀gbọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó kọ́kọ́ mí.

"Mo ṣìnà ni."