Ẹni Tó Ń Nu Òrùlé

Pierre-Claver ki ọwọ́ bọ inú firíìjì, ó mú ìgò ínsúlínì kan jáde, ó sì fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Ó pa ilẹ̀kùn firíìjì dé, ó tún un ṣí, bóyá ojú rẹ̀ ló ń tàn án jẹ. Ìgò mẹ́ta péré ló kù nínú oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀, ooru kì í sì í pẹ́ ba irú oògùn bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀-ilé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì yìí ní Bantè: mọ́tò funfun gígùn kan, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti firíìjì nínú, bátìrì méjì lábẹ́ àga, pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì lórí òrùlé. Òun àti Florentine ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ìrìn àjò sú ní Savalou. Wọ́n fi lọ Pira, wọ́n fi lọ Lougba, wọ́n sùn sí Akpassi lábẹ́ igi kaṣú. Nígbà òjò tó kọjá, Florentine kú. Láti ìgbà náà, inú ọkọ̀ ni bàbá ń gbé tọ̀sán tòru, nítorí pé òórùn ìpara obìnrin náà ṣì wà lára ìrọ̀rí.

Bérénice, ọmọ wọn, ti sọ tirẹ̀ láti Cotonou: "Bàbá, bí firíìjì yẹn bá tún kú, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀. A ó ta ọkọ̀ náà." Ọ̀rọ̀ Bérénice kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Bàbá bẹ́ sí iṣẹ́. Bó bá ti kan ọ̀rọ̀ iná, Pierre-Claver kì í gba ìmọ̀ràn. Kí o jókòó tì í ìṣẹ́jú márùn-ún, á ti sọ fún ọ pé òun nìkan ló ń tọ́jú iná inú ọkọ̀ yìí. Ó fi omi gbígbóná fọ ìpẹtà funfun tó wà lórí bátìrì, ó bu omi bátìrì sí i, ó yẹ fíúsì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Míítà kékeré ara ògiri, tó ń ka agbára bátìrì, kò mira: mọ́kànlá àtààbọ̀, kò tó méjìlá.

"Bátìrì ti kú," ló wí.

Ó kó ìgò mẹ́ta náà sínú ike, ó rì í sínú ìkòkò omi tútù, ó wakọ̀ lọ sí Savalou láti ra bátìrì tuntun. Lójú ọ̀nà, firíìjì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin. Àmọ́ kò pẹ́ tó pa ẹ́ńjìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù Abdel-Aziz, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tó ti kọ́ ní ìwé rí, tí ó tún dákẹ́.

"Ẹ kú ọ̀nà, Mẹ́tìrì," bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Abdel-Aziz gbọ́ ẹjọ́ firíìjì, ó fi míítà tirẹ̀ kan bátìrì, ó mi orí. "Kò kú o. Ebi ló ń pa á. Ẹ́ńjìnnì bọ́ ọ lójú ọ̀nà, ó jẹun. Oòrùn ni kò bọ́ ọ."

"Ṣé o ò rí oòrùn lókè ni?"

"Mo rí i, Mẹ́tìrì. Ta ló ń nu òrùlé?"

Pierre-Claver gbé ojú sókè sí òrùlé.

Florentine ni. Láàárọ̀ Sátidé, á ká ìró rẹ̀ sókè, á gbé korobá omi, á gun àkàbà ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí pé orúnkún ọkọ rẹ̀ kì í fẹ́ rí àkàbà. Ọkọ á dúró níwájú míítà nísàlẹ̀, á máa ké iye tó bá rí sókè: "Méjìlá! Ìyá Bérénice, ó ti di mẹ́tàlá!" Obìnrin náà á sì rẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá bèèrè ohun tí ìyàwó ń ṣe lókè, ọkọ á ní, "Eruku ló ń gbá." Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Odidi ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n jọ ní ọkọ̀ náà ni Pierre-Claver fi rò pé òun nìkan ló ní ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gùn ún," ni Abdel-Aziz wí.

"Rárá. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó gbé korobá omi, ó gùn ún díẹ̀díẹ̀, orúnkún ń ta á. Ọyẹ́ ti da eruku pupa bo pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì, ó kù díẹ̀ kí ènìyàn gbin àgbàdo síbẹ̀. Akíṣà Florentine ṣì wà níbi tó so ó mọ́ lára irin àkàbà, ààbọ̀ ìró aláwọ̀ ewé tó máa ń ró lọ síléèwé nígbà tí òun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òjò ti pa á, oòrùn ti sá a, kókó rẹ̀ kò tú. Ó pẹ́ kí ọwọ́ ọkùnrin náà tó lè tú u. Ó sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo Savalou, kò sì fi pamọ́.

Ó rẹ akíṣà sínú omi, ó ń nù. Nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ mọ́, ó dúró, ó dẹ etí sísàlẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó mọ ohun tí òun ń dúró dè. Láti orí òrùlé, ènìyàn ò lè rí míítà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé iṣẹ́ òun ń jẹ́, àfi kí ẹnìkan ké sí i láti ìsàlẹ̀.

Ó nu èkejì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Abdel-Aziz ti lọ kírun ọ̀sán, firíìjì sì ń kùn. Ó kó ìgò mẹ́ta padà sínú rẹ̀. Ó wo míítà, ó gbé ojú sókè sí fèrèsé kékeré inú àjà.

"Ìyá Bérénice," ló ké, bó ṣe máa ń ké e, "mẹ́tàlá àtààbọ̀!"

Lẹ́yìn náà ó fọ akíṣà náà, ó fún un, ó sì jáde lọ so ó padà síbi tó wà.