Ẹ̀rọ Omi tí Àgbò Fà Tu

Nígbà tí ìbò ọdún 1983 ń bọ̀, káńsù ri páìpù kan mọ́lẹ̀ ní ojúde wa ní Ajah, wọ́n de ẹnu ẹ̀rọ tó ń dán mọ́ ọn lórí, wọ́n ní omi dé. Ọ̀gbẹ́ni Odùkọ̀yà, ọ̀gá iṣẹ́ káńsù, gbé agbádá wọ̀ wá ṣí i. Agbádá ló ní, kò ní làákàyè. Ìbò lọ, ẹ̀kán omi kan ò jáde, a tún gba ìdí kànga lọ.

Sìlífátù ọ̀rẹ́ mi, tó ń yan ẹja tà, ń sin àgbò kan láti kékeré. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí yóò dá ẹran Iléyá pa. Ìdí páìpù yẹn ló so ó mọ́. Kò kúkú wúlò fún nǹkan mìíràn. Àgbò rí abo lọ́ọ̀ọ́kán, ó fà, páìpù sì tu bí ìgbà tí a fa ẹ̀gẹ́ nínú iyanrìn.

Ni Odùkọ̀yà bá kó ọlọ́pàá dé. Wọ́n ní Sìlífátù ba ohun ìní ìjọba jẹ́. Wọ́n mú un, wọ́n mú àgbò pẹ̀lú, wọ́n ní òun ni ẹ̀rí.

"Èmi ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi àgbò mi sílẹ̀ jàre! Iléyá ti dé tán!"

A gba béèlì Sìlífátù. Wọn ò gbà ká gba ti àgbò.

Ní kóòtù, Lọ́yà Bíọ́dún tó gbèjà rẹ̀ ní ẹ̀sùn náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí adájọ́ dà á nù. Ó gbé páìpù lé Odùkọ̀yà lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ fi ibi tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀ hàn wá."

Odùkọ̀yà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí pa.

"Your Worship, phase two ni omi máa wọlé."

Adájọ́ wò ó bí ẹni wo èérí. "Kí wá ni àgbò bàjẹ́?"

A rẹ́rìn-ín títí, adájọ́ ò tilẹ̀ pa wá lẹ́nu mọ́. Ó da ẹjọ́ nù, ó ní kí wọ́n dá àgbò padà lójú ẹsẹ̀.

A fi ayọ̀ rìn dé tẹ́ṣàn. Sájẹ́ǹtì kan wọlé lọ, awọ ló gbé jáde. Ó ní ara ẹ̀rí ò yá, làwọn bá pa á kó tó kú. Àwọn wọ̀bìà! Wọn ò tilẹ̀ lè ní sùúrù títí ọjọ́ Iléyá.

Sìlífátù ò sunkún níwájú wọn. Ó sá awọ náà gbẹ, orí rẹ̀ ló ti ń kírun báyìí. Ó sì ti wádìí orúkọ ìyá Odùkọ̀yà àti ti sájẹ́ǹtì náà, kí Ọlọ́run má baà ṣèèṣì mú ẹlòmíràn. Èmi ni mo ń ṣe àmín.